Sátẹ́láìtì Rí Ìgbì, Ta Ló Rí Baba Karotu?

Baba Karotu kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn àpáta abẹ́ omi tó yí erékùṣù wa ká, níbi tó ti ń fi korobá bu omi òkun láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ìgbì ńlá dìde, ó dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn apẹja ti gbé òkú rẹ̀ wálé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin ín ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ òkun ní Tarawa, olú ìlú wa. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n ní kó ṣàlàyé, láàárín ọjọ́ méje, ìdí tí wọn ò fi gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ kan kún un. Ibi tó wà jìn díẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Sátẹ́láìtì ń kọjá lókè orí wa, ó ń wo bí òkun ṣe gbóná tó àti bí ìgbì ṣe ga tó. Ojú rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo ayé láti òkè réré máa ń ṣì í wò nígbà mìíràn. Ó ń fẹ́ ẹnì kan nísàlẹ̀ tí yóò dé ìdí omi, tí yóò sì sọ pé "Òótọ́ ni" tàbí "Irọ́ ni." Láràárọ̀, ní agogo méje, Baba Karotu á tukọ̀ kọjá àpáta, á bu omi, á wọn ìgbóná rẹ̀, á wo ìgbì, á kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, á sì padà wá kà á fún Tarawa lórí rédíò.

Kì í kúkú ṣe ẹni pẹ̀lẹ́. Lọ́dún kan, ohun tí òun rí àti ohun tí sátẹ́láìtì rí kò bára mu. Ọmọ kan pè é láti Tarawa.

"Baba, àbí ẹ gbàgbé korobá yín sínú oòrùn ni?"

"Ọmọ mi, ìwọ àti sátẹ́láìtì rẹ, èwo nínú yín ló tíì wẹ̀ nínú òkun yìí rí?"

Òyìnbó kan wá láti Australia pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wọn omi, ó wá jẹ́wọ́ pé àwọsánmà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló tan ojú òkè jẹ. Baba ló jàre. Yéè! Oṣù kan gbáko, a ò rímú mí. Ẹ kí i pé ẹ káàárọ̀, á ní, "Ẹ gbọ́ pé ó ti jẹ́wọ́?" Ìyá Rotia, ìyàwó rẹ̀, búra pé bó bá tún dárúkọ sátẹ́láìtì nídìí oúnjẹ, òun á gbé abọ́ kókò babai kúrò níwájú rẹ̀, kó máa lọ jẹ àwọsánmà.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló kàn. Rédíò erékùṣù wà lọ́wọ́ Beia, akọ̀wé wa. Àna Beia ń ṣe ọjọ́ ìbí ọdún kìíní fún ọmọ rẹ̀, ó nílò ohun tí yóò fi gbé orin jáde, ló bá wá tọrọ bátìrì rédíò ní bubuti, ìtọrọ àṣà ilẹ̀ wa. Ta ni nínú wa tó lè kọ bubuti ìbátan? Ohun tí a bá fi bubuti tọrọ, ohun tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ni. Baba Karotu fúnra rẹ̀ ti fi ṣòkòtò ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀ báyẹn rí, tó ró aṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A jẹ, a jó, ọmọ pé ọdún kan, bátìrì ò padà. Ó tibẹ̀ lọ sí ìgbéyàwó, ó ti ìgbéyàwó gba abúlé kejì lọ.

"Beia, bátìrì ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀, Baba. Ó kù díẹ̀."

"Bátìrì yìí ti mọ ijó jù ẹ́ lọ."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyẹn. Baba Karotu ò yé lọ sẹ́nu iṣẹ́, kò sì yé kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi ìwé rán ọkọ̀ òfuurufú sí Tarawa pé rédíò wa ti kú. Kò rí èsì kankan.

Mi ò ní fi ẹ̀bi tiwa pamọ́. Beia dìde nínú maneaba, ilé ìpàdé wa, ó jẹ́wọ́ tẹkún-tẹkún lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó lójú òfuurufú tí ẹ ń mọ̀ bí òkun bá gbóná díẹ̀ jù ti àná lọ, òwúrọ̀ márùndínlógójì ni ẹ ò gbọ́ ohùn bàbá arúgbó tí kì í pa iṣẹ́ jẹ. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bèèrè pé, "Kí ló ṣe bàbá yẹn?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, sátẹ́láìtì rí ìgbì ńlá tó ń bọ̀ láti àríwá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Tarawa ka ìkìlọ̀ sínú rédíò tí kò ní bátìrì. Wọn ò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé, "A ti fi ránṣẹ́." Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀ níbí láti Tarawa, ó kó ìrẹsì àti ṣúgà wá fún wa. Ìwé pélébé kan ì bá bá a wá, kò ní wúwo jù.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n rán ọ̀gá kan sí wa, ọmọ ilẹ̀ wa níbí. Ó tẹ́ àwòrán aláràbarà sórí ẹní nínú maneaba.

"Ẹ wò ó, ẹ̀yin àgbà. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni sátẹ́láìtì ti rí ìgbì náà. Kò tàsé rárá."

Ìyá Rotia wò ó títí. "Ó mà lẹ́wà o. Pupa ibí yìí ló pa ọkọ mi?"

"Ìyá, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Ojú tó rí i yìí, ṣé kò lẹ́nu ni?"

Ọ̀gá náà sáré ka ìwé ìwádìí tó mú wá: "A kìlọ̀. Òṣìṣẹ́ náà kọ etí ikún sí ìkìlọ̀, ó sì jáde sí òkun."

Karotu, kọ etí ikún! Karotu tó jẹ́ pé nígbà tí ìkìlọ̀ dé lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́rin ló fi jókòó sílé, tó ń kùn, tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń se ẹja! Ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò máa kà nípa bàbá rẹ̀ nìyí?

Ìyá Rotia dìde. "Ọmọ mi, mo fi bubuti tọrọ gbólóhùn yẹn lọ́wọ́ rẹ. Ẹyọ kan péré. Yọ ọ́ kúrò."

Ọkùnrin náà mọ ohun tí wọ́n tọrọ, ó sì mọ bí wọ́n ṣe tọrọ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Màá bi àwọn ọ̀gá mi léèrè, Ìyá."

Láti ayé àwọn baba ńlá wa, a ò tíì gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Beia yọ bátìrì fún ẹni tó fẹ́ jó; ẹ̀yin ò lè yọ gbólóhùn kan fún opó?

Ẹ yọ ọ́. Beia ti fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀. Ẹ dárúkọ ẹni tó ka ìkìlọ̀ tí kò dúró gbọ́ èsì, àti ẹni tó gba ìwé Baba Karotu lẹ́ẹ̀mejì tó tì í sábẹ́ tábìlì. Láti òní lọ, ìkìlọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti fi ránṣẹ́. Bí ẹ ò bá sì mọ ohun tí ẹ máa fi dí àyè tó ṣófo nínú ìwé yín, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́, kò gùn: "Karotu kò gbọ́, nítorí pé a kò sọ fún un."