Ìyá Mi Kò Fẹ́ Kí N Gun Kẹ̀kẹ́

Ọdún tí owó epo bẹ́ sókè ni mo pinnu pé n ó máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń wí, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò. Mo ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Aládé nílùú Ìdànrè, apá Odòde ni èmi àti ìyá mi sì ń gbé. Ọ̀nà náà kò jìn tó bí a ṣe máa ń fẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ti mọ́ gbogbo wa lára. Nígbà tí owó ọ̀kadà fẹ́ máa jẹ owó oṣù mi tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Ẹsẹ̀ rírìn yẹn ló jẹ́ kí n máa rí ọkùnrin kan tó ń kọjá lára mi láràárọ̀.

Ará Ìsẹ́yìn ni. Ó háyà yàrá kan ní ojúlé kejì sí tiwa, ó sì ń bá olóko kan tọ́jú kòkó ní apá Aládé. Á so àdá mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, á kí mi, á sì kọjá. Nígbà tó yá, mo bi í bóyá obìnrin tó ti lé lógójì ọdún ṣì lè kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá sí pápá ìṣeré tó wà nítòsí wa ní ọ̀sán Sátidé.

Sátidé mẹ́rin la fi kọ́ ọ. Á di ìjókòó mú láti ẹ̀yìn, á máa sáré tẹ̀ lé mi. Táyà iwájú ni mo máa ń tẹjú mọ́, n kì í sì í lọ jìnnà tí mo fi ń ṣubú. Kò bínú rí. Ní Sátidé kẹta, ó dá mi dúró.

“Tíṣà,” ó ní, “ẹ fi táyà sílẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ máa wò.”

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gùn ún yí pápá po láìṣubú. Òun náà ló bá mi wá àlòkù kan tó dáa rà.

Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ gùn ún jáde, iwájú ilé ni ìyá mi wà. Ó gbé ẹ̀wà tó ń ṣà lórí àwo, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ kẹta. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun níwájú ilé nígbà tí mo bá ń lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó tì í, mo bi í léèrè. Èdè Ìdànrè gidi ló fi dá mi lóhùn, bó ti máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá dùn ún. Ó ní òun ṣì kéré nígbà tí bàbá òun ta kòkó tó sì ra kẹ̀kẹ́ tuntun. Àwọn èèyàn wá bá wọn yọ̀, wọ́n tilẹ̀ pa ewúrẹ́. Orí kẹ̀kẹ́ yẹn ni ìdílé wọn ti bọ́ sórí alùpùpù, kí ẹ̀gbọ́n òun tó wá ra mọ́tò.

“Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi lọ síwájú,” ó ní. “Ìwọ tí a rán lọ sílé ìwé, o wá ń gùn ún padà sẹ́yìn. Kí ni n ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi?”

Mo ti múra láti sọ̀rọ̀ nípa owó epo àti bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń dènà ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n kò bi mí nípa ìyẹn. Mo wá rí i pé gbogbo òkè tó yí wa ká yìí kò tó ojú aládùúgbò láti lé èèyàn kúrò lórí kẹ̀kẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìtìjú náà kan èmi gan-an. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa, síkẹ́ẹ̀tì mi wọ inú ṣéènì, mo sì ṣubú lójú àwọn tó ń jáde nínú ìsìn Ọjọ́rú, gbogbo wọn nínú sùtánà funfun. Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rò pé ìbáwí ló kàn. Ó rọra fa síkẹ́ẹ̀tì náà yọ, ó wo orúnkún mi, ó sì sọ fún mi pé kí n máa wọ ṣòkòtò sábẹ́ rẹ̀, kí n máa ká síkẹ́ẹ̀tì sókè. Tí alàgbà kankan bá bi mí, kí n sọ pé òun ló ní kí n wọ̀ ọ́. Alàgbà méjì bi mí lóòótọ́. Ọ̀kan gbà. Èkejì kò tíì gbà títí dòní.

Níbi iṣẹ́, mo fi ẹnu polówó kẹ̀kẹ́ títí, n kò rí ẹnì kan mú. Ìgbà tí mo dákẹ́ tán ni olùkọ́ obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n kọ́ òun. Èmi wá di ẹni tó ń di ìjókòó mú. Nígbà tí òun náà ra tirẹ̀, ọ̀gá wa fún wa ní igun kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti máa gbé kẹ̀kẹ́ méjèèjì sí, kí òjò má baà pa wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin yìí wá pè mí kí a jọ máa lọ, ó sì bá ìyá mi níwájú ilé kó tó ráyè bọ́ sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ kí i. Ìyá mi wò ó, ó wo kẹ̀kẹ́. Ó mọ ilé ọkọ obìnrin náà dáadáa.

“Ṣé mọ́tò ọkọ rẹ bàjẹ́ ni?”

“Rárá, mà. Ó wà nílé.”

“O wá ń gun èyí?”

“Ó máa ń mú ara mi yá ni, mà. Tí mo bá fi máa dé ibi iṣẹ́, orí mi á ti fúyẹ́.”

Ìyá mi dúró ń wò wá títí a fi yà ní kọ́nà. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ó dùn mí díẹ̀: mọ́tò tí ẹlòmíràn gbé sílé ló dá mi láre, gbogbo àlàyé tí mo ti ń tò jọ lọ́kàn kò ṣiṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sá lọ sẹ́yìnkùlé mọ́.

Àdúrà rẹ̀ ni kò yí padà. Bí mo bá ti ń fẹ́ táyà láàárọ̀, á wá dúró tì mí, á ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun fojú ara òun rí ọjọ́ tí n ó ra mọ́tò. Èmi náà á ṣe àmín. Á wá gba báàgì lọ́wọ́ mi, á gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, á fi okùn so ó pinpin.