Ulé Nínú Tébù

Èmi ni mo pè é ní ulé. Ètò kọ̀ǹpútà là ń ṣe fún ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìyìn-Èkìtì, èmi ni mo sì ṣe tébù tí a ó máa kó ìsọfúnni àwọn aláìsàn sí. Mo sọ kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ lórúkọ: orúkọ, ọjọ́ orí, ulé. Ọmọ Adó ni mí, ohun tí ẹnu mi ń sọ lọwọ́ mi tẹ̀. Ẹnìkejì mi, ọmọ Ọ̀yọ́ tí a jọ ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Ádó, ló fi PHP, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ojú ìwé tí nọ́ọ̀sì yóò máa lò. Ilé lòun kọ ní tirẹ̀.

Ìyìn la ti kọ́kọ́ so méjèèjì pọ̀. Ojú ìwé náà funfun báláú: ilé ló ń wá, ulé ló bá nínú tébù.

"Onúlé," ẹnìkejì mi ní, "wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ."

Inú bí mi. Nọ́ọ̀sì àgbà ti ní bí kò bá ṣiṣẹ́ kí àwọn aláboyún tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ká máa gbé e lọ, káàdì oníwèé àwọn ò ṣe àwọn ní nǹkan kan. Ẹnìkejì mi ní ká sọ ulé di ilé, kó parí. Mo kọ̀. Bí ibòmíràn bá wá pè é ní àdírẹ́sì ńkọ́? Mo ní ká jẹ́ kí ètò náà bi tébù fúnra rẹ̀ pé kí ni orúkọ àwọn kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀, dípò kó máa méfò.

A ṣe é, kò tún jẹ́. Dátábéèsì, ètò tó ń tọ́jú tébù, tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa. Ti Ìyìn, irú mìíràn ni, kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. A wá kọ ọ́ pé kí ètò náà kọ́kọ́ mọ dátábéèsì tó ń bá sọ̀rọ̀, kó bi í bó ṣe máa ń gbọ́, kó sì to èsì kalẹ̀ bákan náà níbi gbogbo. Ẹnìkejì mi ló kọ èyí tó pọ̀ jù. Ọwọ́ rẹ̀ yá, n kò lè purọ́.

Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì ṣí i. Orúkọ tó wà nínú tébù ló jáde lójú kọ̀ǹpútà: ulé. Mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ẹ̀kọ́ n'Íbàdàn.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí aláboyún àkọ́kọ́. "Ulé yín ńkọ́?"

Kíá lobìnrin náà ti sọ ibi tó ń gbé. Wọ́n bi í bó ṣe máa ń gbọ́.