Ọdún Tí A Ka Odò Mọ́ Àáró

Èéfín ẹja tútù tí ń gbẹ lórí iná ní òórùn tirẹ̀, kò jọ ti èéfín mìíràn. Ti àrọ̀ máa ń wúwo, ó lọ́ràá, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ títí di ọjọ́ kejì. Ti epìyà fúyẹ́, kì í pẹ́ lọ. Ní abúlé wa lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, ibì kan ṣoṣo ni òórùn yẹn ti ń wá: àdògán amọ̀ ìyá ẹlẹ́ja, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ sí odò. Bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ káfíńtà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, imú ni mo fi ń mọ irú ẹja tó wà lórí iná kí n tó fojú kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, òórùn ibẹ̀ ti yí padà. Òkú Èkó ni ìyá náà ń yan, ẹja inú yìnyín tí wọ́n ń kó wá sí ọjà nínú páálí, òórùn rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí ènìyàn ń dáná sun páálí tí omi ti rin.

Ìwọ náà á rántí ìgbà yẹn. Ìgbà SAP ni, tí ìjọba ní ká fún ìgbànú mọ́ra, gbogbo nǹkan gbówó lórí, àmọ́ kòkó náà wá ń pa owó lójijì. Oko kòkó tí àwọn bàbá wa ti pa tì ni gbogbo ènìyàn tún sáré padà sí, kò sì sí ilé tí kò ní ike oògùn kòkó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí nǹkan bá ti súnmọ́ ọwọ́ báyẹn, ọwọ́ á máa nà sí i. Ẹni tí kò ní sùúrù ìwọ̀, tí kò lè dúró de ìgèrè, á da oògùn náà sínú odò lókè, á lọ gbé apẹ̀rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, ẹja á sì máa léfòó wá bá a pẹ̀lú ikùn funfun lókè. Àwọn ńlá ni wọ́n ń ṣà. Àwọn tí kò ju èékánná lọ á wà níbẹ̀, wọ́n á jẹrà sí etí omi, akàn pàápàá á kú tì wọ́n. Bó ṣe di pé odò wa ń ṣàn láìsí ohun kan tó ń mí nínú rẹ̀ nìyẹn.

Mo fẹ́ràn ẹja, kì í sì í ṣe ti ọbẹ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Mo kàn máa ń jókòó lórí àpáta etí odò ni, mo sì máa ń la inú ẹja kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ láti mọ ohun tó jẹ. Mo mọ̀ pé epìyà a máa kó àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́nu bí ewu bá dé. Mo mọ̀ pé àrọ̀ kì í yé ẹyin sínú ibú. Ó máa ń dúró de òjò ńlá àkọ́kọ́, nígbà tí odò bá kún bo bèbè. Á wá gòkè sínú koríko tí omi ti bò mọ́lẹ̀, á sì lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ara koríko náà, wínníwínní bí ọkà jéró, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé tí ó fẹ́ rọ. Mo ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́.

A kọ́kọ́ bẹ ọ̀wẹ̀ láti tún odò náà ṣe. Ìwọ mọ ọ̀wẹ̀: ẹni tó bá pè é ló ń se oúnjẹ. Odò kò níyàwó tí yóò se oúnjẹ. Ìyá ẹlẹ́ja se ẹ̀wà fún wa ní ìgbà àkọ́kọ́, ó tún se é nígbà kejì, agbára rẹ̀ kò ká ìkẹta, àwọn ènìyàn kò sì wá mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ń sinmi lábẹ́ igi ọsàn ní oko olórí àáró wa. Àgbẹ̀ gidi ni olórí yìí, mùsùlùmí tí kì í ṣeré pẹ̀lú àdúrà rẹ̀, ebè rẹ̀ sì máa ń tọ́ bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Àáró wa ń yí po ni: lónìí gbogbo wa wà lóko rẹ, lọ́jọ́ mìíràn a wà lóko tèmi. Ìyá ẹlẹ́ja gbé àtẹ rẹ̀ dé, ó sọ ọ́ kalẹ̀, kò sì polówó.

Ó ní, "Ta ni àáró kàn?"

"Ó kan káfíńtà," olórí dá a lóhùn, ó nawọ́ sí mi.

"Lẹ́yìn káfíńtà ńkọ́?"

"Á tún padà sọ́dọ̀ mi."

"Ẹ fi odò sáàrin."

Ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá orúnkún. "Ìyá, ṣé odò á wá gbé ọkọ́ wá sóko mi ni?"

"Nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀ léṣìí, ta ló kọ ebè rẹ? Ṣé ìwọ lo gbé ọkọ́ tẹ̀lé wọn?" Ìyá náà dúró kí ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. "Nígbà tí ara rẹ yá lo san án padà. Ara odò ni kò yá yìí."

Olórí ń fi eyín họ èèpo ọsàn. "Bí ara rẹ̀ kò bá wá yá ńkọ́, tí kò san?"

"Èmi á ti wà ní Ọlọ́runṣògo nígbà náà. Ẹ lè máa bú mi láti ìhín, mi ò ní gbọ́."

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, àmọ́ gbogbo wa la mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ṣe yàrá kan sílẹ̀ fún un nílé rẹ̀ ní Ọlọ́runṣògo nígboro Ìbàdàn. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní òkú Èkó kò lérè, ó ní kí ìyá òun yéé fi ojú sínú èéfín lásán. Ìyá náà sọ fún mi nígbà kan pé, "Kí ni n ó máa ṣe níbẹ̀? Kí n máa ṣọ́ ilẹ̀kùn?" Bí ẹja odò kò bá padà, kò ní ohun tí yóò fi dá ọmọ rẹ̀ lóhùn.

A ka odò mọ́ àáró. A tún fi òfin kan kún un: ẹni tó bá da oògùn sínú odò, àáró kò ní tẹ oko rẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá tó lè ṣe ohun tí òfin yẹn ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ oko dé góńgó, ta ló fẹ́ dá nìkan dojú kọ koríko?

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni wá, bí a ṣe ń ṣe oko la ṣe odò náà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, gbogbo ìgbà tó bá ti kan odò, a ó gbé àdá àti ọkọ́ dé. A gé koríko bèbè méjèèjì, a hú gbòǹgbò wọn, a gbá a títí tí ènìyàn fi lè rí èèrà tó ń rìn níbẹ̀. Olórí fi ọwọ́ mú ìbàdí, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. "Ó mọ́ bí iwájú ilé ìyàwó tuntun," ó wí. Inú gbogbo wa dùn. Àwọn ará abúlé kejì tó ń kọjá ń kí wa kú iṣẹ́.

Nígbà tí òjò ńlá rọ̀, bèbè tí kò ní gbòǹgbò kankan tó dì í mú já sínú odò ní ègé-ègé. Omi pupa bí ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀. Àwọn àrọ̀ mélòó kan gòkè wá láti odò ńlá tí tiwa ń ṣàn sí; mo rí ẹ̀yìn wọn tí wọ́n ń yí po lórí ilẹ̀ gbalasa, bí àlejò tó dé tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Wọ́n padà lọ. Mo wá ẹyin títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí, n kò rí ẹyọ kan.

Ìgbà tí mo sọ pé kí a jẹ́ kí koríko hù padà, ó dà bíi pé mo bú ìyá olórí. "Káfíńtà, ṣé ilé ẹja lo wá ń kàn báyìí? Ẹnì kan kò ní gba ibi tí mo ṣe olórí kọjá kó ní ọ̀lẹ ló ni ibẹ̀." Èmi náà mọ ohun tó ń sọ. Lójú àgbẹ̀, koríko ni ọ̀tá àkọ́kọ́, ẹni tó bá gbà á láyè ti ta orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un sọ, ẹnu mi gbẹ.

Ibì kan wà tí ọkọ́ wa kò dé. Ibẹ̀ ni àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun ti máa ń wẹ ìwẹ̀ àdúrà. Wọ́n ní ilẹ̀ mímọ́ ni, wọn kì í jẹ́ kí a mú àdá wọ ibẹ̀. Koríko ibẹ̀ ga dé àyà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò mìíràn, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, mo sì bẹ olórí kó tẹ̀ lé mi. Wọ́n ní ká bọ́ bàtà. Olórí bọ́ tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wálláhì, bí wọ́n bá yí orúkọ mi padà níbí, ìwọ ni n ó mú."

Mo ní kó fi ọwọ́ gbé koríko tó wà lábẹ́ omi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Ẹyin wà lára rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó, wọ́n lẹ̀ pinpin, wọ́n ń dán nínú oòrùn. Ó gbé òmíràn, bákan náà ni. Ó pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, omi ń ṣàn gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó nàró, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń gé e," ó wí.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ odò ti yí padà, ó sì nira ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ń gbin koríko, àwa tí koríko ti gba ìgbà èwe wa. A fa oko ẹ̀gẹ́ wa sẹ́yìn kúrò ní bèbè, oníkálukú pàdánù ebè díẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣe é tayọ̀tayọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, a ń fi bàsíà gbọ́n ẹrẹ̀ kúrò nínú àwọn ibú kí omi lè dúró níbẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Ẹrẹ̀ yẹn wúwo. Lọ́dún kejì, àwọn ènìyàn ti ń rí àwáwí. Ọjọ́ mìíràn wà tí àwa tó wá kò tó iye tó lè gbé pósí. Àwọn ọmọ ẹja hàn lóòótọ́, wínníwínní, olórí sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Mo ń ṣàlàyé ohun kan náà fún ẹni kan náà lọ́dọọdún. Ìfẹ́ tí mo ní sí ẹja kò sọ pé kí ẹ̀yìn má dùn mí. Ó rẹ̀ mí dé ibi tí mo máa ń gbọ́ pé ó kan odò, tí mo sì máa ń gbàdúrà kí òjò sé wa mọ́lé.

Nínú ọyẹ́ ni ọmọ ìyá ẹlẹ́ja mú ọkọ̀ wá. Ìyá náà kò bá a jà. Ó fi omi pa iná rẹ̀, ó gbọn eérú kúrò lára àwọ̀n irin tó fi ń yan ẹja, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Bí odò bá san án padà, ẹ wá sọ fún mi." Kò wo apá odò títí ọkọ̀ fi lọ.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹja dé. Ní àṣálẹ́, láti ilé, a ń gbọ́ bí àrọ̀ ṣe ń fi ìrù gbá omi nínú koríko, pá, pá, bí ẹni ń fọṣọ. A kò fọwọ́ kàn wọ́n títí wọ́n fi yé ẹyin tán, tí àwọn ọmọ wọn sì ti wọ ibú. Lẹ́yìn náà la tó dẹ ìgèrè. Olórí ní kò sí ẹni tí yóò jẹ ti àkọ́kọ́ àyàfi ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Mo dáná sí àdògán rẹ̀, mo yan àrọ̀ náà lórí àwọ̀n irin rẹ̀, a fi ewé wé e, èmi àti olórí sì wọkọ̀ lọ sí Ọlọ́runṣògo.

Ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ rẹ̀ la bá a, lórí àga kékeré kan, gẹ́gẹ́ bó ti sọ. Ó ti rù díẹ̀. Kí n tó tú ewé, ó ti gbé imú sókè.

"Àrọ̀ ni. Kì í sì í ṣe ti inú páálí."

Ó ya á lápá ẹ̀yìn, níbi tí ẹran ti nípọn, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Olórí kò lè ní sùúrù mọ́. "Ìyá, odò ti san o."

Mo ti múra sílẹ̀ fún àdúrà, fún ẹkún bóyá. Ní tòótọ́, ohun tí mo ń retí ni kó ní ẹ kú iṣẹ́, ó ti tó, ẹ lọ sinmi. Ìyá náà jẹun tán, ó nu ọwọ́ sára ewé.

"Ó ṣeun. Ẹni tó bá ti san, òun ló tún kàn. Ọjọ́ wo lẹ tún ń lọ síbẹ̀?"

Olórí wò mí, èmi náà wò ó. 

Ìyá náà kò padà sí abúlé mọ́. Ọmọ rẹ̀ kò gbà, ogbó sì ti dé. Mo ti rò pé ọjọ́ tí ẹja bá dé ni iṣẹ́ yóò parí, pé a ó tún odò ṣe bí mo ṣe ń tún àga ṣe, kí n kàn án, kí n gbé e fún ẹni tó ni ín. Ìyá náà ti mọ̀ láti abẹ́ igi ọsàn pé ẹni tí a bá kà mọ́ àáró, a ti kà á mọ́ ọn títí ayé nìyẹn. Ìdí nìyí tí ó fi ń rẹ̀ mí títí dòní, tí n kò sì tíì fi odò sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí ń gbé wa padà lọ́jọ́ náà, olórí sùn lé mi léjìká, fìlà rẹ̀ ń yọ̀. Mo rò pé oorun ti gbé e lọ pátápátá. Nígbà tí a súnmọ́ Ìyànà Ọ̀fà, kò la ojú tó fi sọ̀rọ̀.

"Fún odò, Àlàmísì ńkọ́?"

Mo ní, "Àlàmísì dára, Bàbá."