Télọ̀ àti Àpótí Onígíláàsì

Ọdún kan gbáko ni télọ̀ yìí fi ń fowó táṣẹ́rẹ́ ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà géèmù lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpótí onígíláàsì tó ń tan iná aláràbarà, tí yóò to gbogbo ẹ̀yà náà sí nínú, ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú, ló bá rà á. Káàdì tí ń gbé àwòrán jáde ló rà gbẹ̀yìn, àfi bó ṣe fi ìka méjì gùn ju àpótí lọ! Ẹni tó tà á kì í gba ọjà padà, owó sì ti tán. Ó gbé káàdì níbùú, ó gbé e lóòró, òógùn bò ó.

"Ta ni mo ṣẹ̀ gan-an?"

Ìyàwó rẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Bàbá Ìbejì, kí ni téèpù ọrùn yín yẹn wà fún?"