Ejò Ara Pátákó Kẹ́míìsì

Irọ́ ni mo pa. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni mò ń ṣe ní Ibafọ. Ìyá kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ ṣí kẹ́míìsì lódìkejì ṣọ́ọ̀bù mi, ó wá gbé iṣẹ́ fún mi: orúkọ ṣọ́ọ̀bù, àti ọ̀pá kan tí ejò wé mọ́. Mo ya ejò náà, ó gún régé. Ọ̀dà pupa díẹ̀ ló kù nísàlẹ̀ agolo, mo bá fi kun ojú rẹ̀ kó má baà ṣòfò.

Nígbà tó di ìpàdé àdúrà àdúgbò wa, wọ́n ní ta ló ní ẹ̀rí. Àwọn tó ṣáájú mi ti jẹ́ tiwọn, ariwo halelúyà gba gbogbo ilé. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n pariwo fún mi. Mo ní ìyá kan gbé ejò wá fún mi yà, pé bí mo ṣe yà á tán ni ojú rẹ̀ ṣàdédé pọ́n, ó ń wò mí, àdúrà ni mo fi bọ́. Wọ́n pariwo lóòótọ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, àwọn abiyamọ ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná kọjá níwájú kẹ́míìsì náà, wọ́n ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ ra oògùn ní Mowe. Ìyá náà pè mí.

"Ìwọ ọlọ́dà yìí, wọ́n ní ejò mi ń wo èèyàn?"

"Mi ò gbọ́ o, mà."

"O ò gbọ́? Èyí tí Mósè gbé kọ́ sórí ọ̀pá ńkọ́, ṣé òun náà ń ṣẹ́jú ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín. Kọ́dún tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ifọ.

Lẹ́yìn náà ni táyà áńbúláǹsì kan jò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ejò yẹn kan náà!

"Ẹ̀gbọ́n, ejò kí lèyí?"

Dírẹ́bà ní, "Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ló ní òrìṣà oníṣègùn kan, Asikilẹ́píọ́sì. Ọ̀pá rẹ̀ nìyẹn. Àmì ìwòsàn lásán ló dà báyìí, kò sẹ́ni tó ń bọ ọ́." Ló bá wo ẹsẹ̀ mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Orúkọ tí wọ́n kọ sára bàtà rẹ yẹn gan-an, orúkọ òrìṣà wọn kan ni. Èyí tó ń fúnni níṣẹ́gun."

Bàtà tí mo wọ̀ lọ jẹ́rìí ni.

Mo lọ bá ìyá náà ní Ifọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́ irọ́ mi. Orí tábìlì kan lábẹ́ etí òrùlé ilé kan ló ti ń ta oògùn.

"Dìde, mo ti dárí jì ẹ́. Àmọ́ ibi tó o ti sọ ọ́, ibẹ̀ ni kó o lọ ti kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ṣé o gbọ́?"

Mo ti lọ sí ìpàdé mẹ́rin látìgbà náà. Bí wọ́n bá ti ní ta ló ní ẹ̀rí, màá kàn tẹjú mọ́lẹ̀. Gbèsè ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni mo jẹ ìyá náà, mi ò tíì san án.