Ìyá Aránṣọ Ń Sá fún Ẹni Tó Jẹ Ẹ́ Lówó

Aránṣọ tó ń pa àdéhùn mọ́ ṣọ̀wọ́n láyé, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Aránṣọ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bó bá ní ọ̀la ni, ọ̀la náà ni, yóò sì dá gbogbo ègé tó ṣẹ́kù lára aṣọ rẹ padà fún ọ, títí kan èyí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ohun kan tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀ ni pé kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wo òrùn lójú kó tó dá ọ lóhùn.

Ọkọ rẹ̀ fi ilé oníyàrá mẹ́ta sílẹ̀ fún un, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan lé e: "Má jẹ́ kí wọ́n wá gé iná ilé mi láé." Nítorí náà, bí oṣù bá ti lé, Ìyá Aránṣọ á san iye kan náà fún iléeṣẹ́ iná, iye tí wọ́n fẹnu kò sí nígbà tí ilé ṣì kún, tí ẹ̀rọ ìránṣọ àti áyọ́ọ̀nù kì í sinmi. Iléeṣẹ́ kékeré ni. Gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè jókòó yí tábìlì kan ká, kí àga sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ọkọ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ti lọ ṣiṣẹ́ sọ́nà jíjìn, mọ́tò tó ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ sì ti jóná. Ìyá Aránṣọ da aṣọ bo ẹ̀rọ náà, ó sọ fún ará àdúgbò pé ojú ń dun òun. Irọ́ ni. Ojú tó ń rí eṣinṣin lára ògiri òdìkejì títì? Owó mọ́tò tuntun ni kò sí, kò sì fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ọmọ. Ó kàn ń jókòó sábẹ́ gílóòbù kan, ọkàn rẹ̀ ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń san owó iná ilé tó kún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, fóònù dún.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá mi. Láti iléeṣẹ́ iná yín ni. Ṣé àlàáfíà lẹ jí?" Ohùn obìnrin ni, ó sì dùn bí oyin.

"Mi ò jẹ yín lówó," ni Ìyá Aránṣọ fi dáhùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àwa la jẹ yín."

Ìyá Aránṣọ yọ fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó tún dá a padà. "Ẹ̀yin ni ẹ jẹ mí?"

"Owó tí ẹ ń san ti pọ̀ ju iná tí ẹ ń lò lọ, mà. Ó ti ń gorí ara rẹ̀ tipẹ́. A fẹ́ dá a padà. Nọ́ńbà àkáǹtì yín ní báńkì nìkan la nílò."

Háà! Ibi tí wọ́n ń lọ rèé. Ọmọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá pè é tó dárúkọ báńkì, olè ni. Ìyá Aránṣọ pa fóònù. Ó sì sọ obìnrin náà lórúkọ: Olóhùn Oyin.

Lọ́jọ́ kejì, Olóhùn Oyin tún pè. Ó ṣàlàyé pé iléeṣẹ́ ńlá kan ti ra iléeṣẹ́ àwọn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ bá ṣú kí àwọn tó dá owó yìí padà, ọwọ́ àwọn tuntun ni yóò bọ́ sí, ìyá yóò sì máa wá a kiri di ọdún tó ń bọ̀. Ó wá dárúkọ iye rẹ̀. Owó náà tó ra mọ́tò, yóò sì tún ṣẹ́kù ra òwú. Ìyá Aránṣọ wo ẹ̀rọ tí aṣọ bò. Ìgbà yẹn gan-an ló wá dá a lójú pé olè ni obìnrin yìí, torí ta ló tún lè mọ ohun tó ń wu èèyàn tó báyìí?

"Bó o bá jẹ́ ará iléeṣẹ́ iná lóòótọ́," ó ní, "ka nọ́ńbà ara mítà mi."

Olóhùn Oyin kà á. Ìyá Aránṣọ lọ sẹ́yìnkùlé lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bá a bẹ́ẹ̀.

"Ó pé," ó ní. "Ìgbà wo lo wá sílé mi?"

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ti Ìyá Aránṣọ yàtọ̀: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dára sí i ló ń di ẹnu àpò rẹ̀ mọ́ra.

Ọmọ rẹ̀ wá gbà á nímọ̀ràn pé kó fi nọ́ńbà tó wà lórí ìwé owó iná àtijọ́ pè wọ́n. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ó pè. Ẹ̀rọ kan ní kó tẹ ení bó bá jẹ́ ti owó, kó tẹ èjì bó bá jẹ́ ti mítà, kó tẹ ẹ̀ta bó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn. Ó tẹ ẹ̀ta. Olóhùn Oyin ló gbé e. Ó pa á, ó tún pè, ó tẹ ení. Olóhùn Oyin. Ó tẹ èjì.

"Màmá, èmi náà ni," ni Olóhùn Oyin wí. "Èmi nìkan ni mo wà ní gbogbo ibẹ̀."

Ìyá Aránṣọ pe ọmọ rẹ̀ tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù. "Ó ti kó gbogbo wọn o! Obìnrin yẹn ti gba gbogbo fóònù iléeṣẹ́ iná!"

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ dé. Ìyá Aránṣọ ò rí oúnjẹ jẹ dáadáa láti àárọ̀. Ó wù ú kí owó náà jẹ́ òótọ́ débi pé ó ń dùn ún, ìyẹn náà ló sì ń bà á lẹ́rù. Fóònù dún.

"Màmá mi àtàtà, òní ni òpin o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú ara yín..."

"Ẹnu rẹ dùn jù. Lọ wá ẹlòmíì jà lólè."

Ibẹ̀ ni oyin ti tán lóhùn Olóhùn Oyin.

"Ó tó gẹ́ẹ́!" ló pariwo. "Kí ni mo fi ṣe yín gan-an? Àwọn tó jẹ wá, tí mo bá pè wọ́n, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi ń sọ pé àwọn ò sí nílé. Ẹ̀yin tí a jẹ, ẹ tún ń sá! Ta ni kí n wá bá sọ̀rọ̀? Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá àwọn tó rà wá máa gbà mí síṣẹ́, ẹ̀yin ni mo jókòó tí mò ń bẹ̀ kí ẹ wá gbowó yín! Ẹ má gbà á! Kó máa gbé ibẹ̀!"

Lẹ́yìn náà, ohùn kékeré kan ní, "Háà. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ń ká ohùn wa sílẹ̀ o."

Ìyá Aránṣọ ò bínú rárá. Ojú rẹ̀ là ni. Láti ìgbà tó ti ń ránṣọ, àwọn oníbàárà tó ń pè é ní màmá mi àtàtà, tí wọ́n ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ kò láfiwé, àwọn ni wọ́n ń gbé aṣọ lọ láìsanwó. Èyí tó bá dúró níwájú díńgí tó ń pariwo pé apá fún òun, pé ọrùn là jù, òun ní ń san án tán kó tó jáde. Olè wo ló ń bínú sí ẹni tó fẹ́ jà lólè? Ìbínú ẹni tí iṣẹ́ ti sú lèyí.

"Ṣé bírò wà lọ́wọ́ rẹ?" ó ní. "Kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó yí ọkàn padà."

Owó dé, mọ́tò tẹ̀lé e. Ìyá Aránṣọ ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ké, inú rẹ̀ sì dùn débi tó fi sunkún sórí aṣọ ẹni ẹlẹ́ni. Ojú tó ń dùn ún san lọ́jọ́ kan náà. Ará àdúgbò ò béèrè oògùn tó lò. Aṣọ ni wọ́n kó dé. Kò pẹ́ tí aṣọ fi kún yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí gílóòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń tàn.

Oṣù díẹ̀ kọjá, fóònù dún.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá mi. Láti iléeṣẹ́ iná ni. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ o, mà!" Olóhùn Oyin rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àmọ́, mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Iná tí ẹ ń lò báyìí ti kọjá iye tí ẹ ń san. Ẹ jẹ wá, mà."

Ìyá Aránṣọ ò jẹ gbèsè rí láyé rẹ̀. Ó wo áyọ́ọ̀nù tó ń gbóná, ó wo ẹ̀rọ, ó wo iná tó ń tàn nínú yàrá ọmọ rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé inú òun ń dùn.

"Màá san án," ó ní. "Ṣùgbọ́n ohùn rẹ tún ti dùn jù. Bínú díẹ̀ kí n mọ̀ pé ìwọ ni."

Olóhùn Oyin mí kanlẹ̀. "Màmá! Ẹ sanwó iná yín, ẹ jẹ́ n ráyè ṣiṣẹ́ mi!"

"Ẹ̀n-ẹ́n, òun nìyẹn," ni Ìyá Aránṣọ wí, ó sì na ọwọ́ sí pọ́ọ̀sì rẹ̀.