Ẹkún tí Ṣadé sun nítorí ará Jàpáànù

Ṣadé, ọmọ lánlọ́ọ̀dù mi, sunkún lónìí nítorí ará Jàpáànù kan tí kò sí láyé.

Ìtàn aláwòrán kan tí wọ́n ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni èmi àti Ṣadé jọ ń kà lórí láptọ́ọ̀pù mi, nínú ọgbà ilé wa ní Ìkòròdú. Abúlé kan ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láyé àtijọ́, lẹ́yìn ogun. Wọ́n pa ẹnì kan. Kò tíì sẹ́ni tó mọ ẹni tó pa á, àmọ́ gbogbo abúlé ti pinnu pé ará Jàpáànù tó ń gbé láàárín wọn ni.

Ṣadé ń nu ojú. "Àwọn èèyàn yìí mà burú o! Kí ni ọkùnrin yìí ṣe fún wọn?"

Ibi tá a wà nìyẹn tí obìnrin kan fi kan géètì. Ó ní òun gbọ́ pé yàrá kan ṣófo.

Ṣadé bi í, "Ará ibo ni yín, mà?"

"Ìlàjẹ ni wá. Ọkọ mi ń pẹja, Ẹ̀pẹ́ la ti ń kó bọ̀."

"Háà, ẹ má bínú, mà. Wọ́n ti gbà á."

Yàrá ọ̀hún ṣì ṣófo, ó wà ní ṣíṣí gbayawu lẹ́yìn wa.

Obìnrin náà dúpẹ́, ó lọ. Ṣadé jókòó padà. "Àwọn yẹn? Wọn ò ṣe é fọkàn tán jàre. Ó yá, jẹ́ ká máa kà á lọ."

Mo ní, "Ṣadé, ará Ìlàjẹ ni ìyá mi."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tìẹ yàtọ̀. Kò hàn lára ẹ."

Mo pa láptọ́ọ̀pù mi dé. Títí di báyìí ló ń bẹ̀ mí kí n ṣí i, torí kò fẹ́ kí wọ́n pa ará Jàpáànù rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa ṣí i?